Ẹ jẹ́ kí mùdùnmúdùn ìbàdí so eegun tó kọ̀ tí kò so: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso FMC Ìdí-Àbá

Sí Olùdarí Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ alákòóso,
Federal Medical Centre,
Ìdí-Àbá, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú àìsùn. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú yìí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dé iwájú yín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa mùdùnmúdùn láti inú eegun ìbàdí aláìsàn, kí ẹ máa fi wo eegun rẹ̀ tó dá tó sì kọ̀ tí kò so. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba, ẹ fi àkọsílẹ̀ tó péye ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ àwọn tí mò ń tìtorí wọn sọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti Pánṣẹ́kẹ́ lọ sí Adígbẹ̀ ni, tí ọkọ̀ akólé tó ru òkúta wẹ́wẹ́ gbá, tí ojúgun rẹ̀ dá sí méjì. Wọ́n tò ó, wọ́n dè é, wọ́n fi irin sí i. Oṣù ń gorí oṣù. Bí wọ́n bá tún ya fọ́tò X-ray, àlàfo tó wà láàárín eegun méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ gbagada. Ọ̀kadà tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bọ́ ilé, àkọ́bí rẹ̀ ti kúrò níléèwé, ó ń bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé èmi ni mo máa ń pe orúkọ nínú kíláàsì tí a ò ní gbọ́ ohùn ọmọ. Ní Ìtòkú, mo mọ ìyá aláàdìrẹ kan tí itan rẹ̀ kò so, tí kò lè dúró nídìí ìkòkò aró mọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti ẹni tó yẹ kó máa jókòó wo àwọn ọmọṣẹ́.

Àbúrò tèmi náà wà nínú wọn. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà yín lákòókò. Ojúgun ni tirẹ̀ náà. Irin tí wọ́n fi sí i nílé ìwòsàn kan tí kì í ṣe tiyín kán sínú ẹran ara rẹ̀, ọ̀pá abẹ́ apá ló sì ń fi rìn títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ti sọ fún un pé ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo wa wà, àmọ́ mo ti ka ohun tí Ọlọ́run fi sínú ìbàdí ọmọ ènìyàn, mo sì mọ̀ pé a kò tíì lò ó fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí tí wọn kì í ṣe dókítà. Bí eegun bá dá, ẹ̀jẹ̀ á dà síbẹ̀, á sì dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á fi kerekere dí àlàfo náà, lẹ́yìn náà ni kerekere ọ̀hún á wá di eegun líle. Ojúgun àgbàlagbà sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6 kó tó so. Bí ó bá pé oṣù 9 tí kò so, tí fọ́tò X-ray kò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn fún oṣù 3 gbáko, FDA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kà á sí eegun tó kọ̀. Nínú eegun 100 tó bá dá, àwọn oníṣègùn sábà máa ń sọ pé 5 sí 10 ni ìsopọ̀ rẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn tàbí kí ó má tilẹ̀ so rárá. Ojúgun ló burú jù nínú wọn, torí pé awọ lásán ló bò ó níwájú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀. Bí egbò bá ṣí sílẹ̀ lójú ibi tó dá, bí kòkòrò àrùn bá wọ̀ ọ́, bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ń mu sìgá, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i.

Oríṣi méjì ni eegun tó kọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ara ń gbìyànjú: eegun tuntun ń wú jáde létí méjèèjì, àmọ́ ibẹ̀ ń mì, kò rí ìsinmi tó lè fi so. Irin tó dúró gbọn-in ni irú èyí ń fẹ́. Nínú ti èkejì, etí eegun gbẹ, ó tín-ín-rín, ohunkóhun kò hù níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wà, sìmẹ́ǹtì wà, bíríkìlà tí yóò mọ ilé náà ni kò sí. Èkejì yìí ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà mi.

Bíríkìlà náà kò jìnnà sí aláìsàn. Nínú mùdùnmúdùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé tí a ń pè ní stem cell, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí kò tíì pinnu ohun tí yóò dà. Ó lè di eegun, ó lè di kerekere, ó lè di ọ̀rá. Láti àwọn ọdún 1960 ni Alexander Friedenstein, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Soviet, ti ń fi hàn pé inú mùdùnmúdùn ni sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun wà. Arnold Caplan, ará Amẹ́ríkà, ló sọ wọ́n ní mesenchymal stem cell ní 1991, orúkọ tí àwọn dókítà ṣì ń pè wọ́n títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwòsàn náà kò la ariwo lọ. Wọn á fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Wọn á ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú eegun ìbàdí, wọn á fi sírínjì fa mùdùnmúdùn díẹ̀, wọn á yí abẹ́rẹ́ síbòmíràn, wọn á tún fa díẹ̀. Wọn kì í fà á púpọ̀ lójú kan, torí pé bí ó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lásán ni yóò máa tẹ̀ lé e. Wọn á da ohun tí wọ́n fà sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bíríbírí títí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá yóò fi ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ pupa àti omi ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù, nǹkan bí 20 mílílítà, ni wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ fún sójú ibi tí eegun ti dá, wọ́n á sì máa wò ó lójú X-ray kí abẹ́rẹ́ má baà ṣìnà. Wọn kò la ẹran. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń parí. Torí pé inú ara aláìsàn ni wọ́n ti mú un, ara rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́, kò sì ní gba àrùn lára ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn dókítà eegun ń gé lára eegun ìbàdí láti fi dí irú àlàfo báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mi ò sọ pé kí wọ́n pa á tì. Àmọ́ ọgbẹ́ méjì ni aláìsàn ń rù lọ sílé, ìbàdí sì lè máa dùn ún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí wọ́n ti la ẹsẹ̀ rẹ̀ léraléra, tí awọ ojúgun rẹ̀ ti di àpá lórí àpá, kò yẹ kí a tún máa wá ibi tí a ó fi ọ̀bẹ sí lára rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá lè ṣe é.

Ó ń ṣe é. Ní 1991, John Connolly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ojúgun 20 tó kọ̀, tí wọ́n fún mùdùnmúdùn sí: 18 ló so. Ní 2005, Philippe Hernigou àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Henri Mondor, ní Créteil lẹ́bàá Paris, gbé tiwọn jáde. Aláìsàn 60 ni, ojúgun gbogbo wọn ló kọ̀, kò sí kòkòrò níbẹ̀, oríṣi kejì tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan ni. Ti àwọn 53 so. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni àwọn 7 tí tiwọn kò so. Wọ́n yẹ mùdùnmúdùn tí wọ́n fún wọn wò, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tó. Ti àwọn tó so ju 1,500 lọ nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn 7 yìí jẹ́ nǹkan bí 630. Èyí fi hàn pé iye sẹ́ẹ̀lì tó wọ ojú eegun ṣe kókó, ẹni tí kò bá kà á kò lè mọ ohun tó fún aláìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé ìwádìí kà yóò sọ pé kò sí àwọn aláìsàn mìíràn tí wọ́n fi ìtọ́jú ọ̀tọ̀ wò láti fi wé àwọn 60 yẹn. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ níbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹ fi àkọsílẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ní ti ìbẹ̀rù pé irú sẹ́ẹ̀lì báyìí lè di jẹjẹrẹ, Hernigou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa aláìsàn 1,873 tí wọ́n fi mùdùnmúdùn tiwọn fúnra wọn tọ́jú láàárín 1990 sí 2006. Ọdún 12 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn bí a bá pín in dọ́gba, ní 2013 wọ́n sì ròyìn pé jẹjẹrẹ kò pọ̀ lára wọn ju bó ṣe ń ṣe àwọn ará ìlú yòókù lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí kó wá rò pé gbogbo eegun tó kọ̀ ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, tí ọyún ń jáde, ẹ gbọ́dọ̀ fọ ọ́ mọ́ ná, kí kòkòrò náà tán. Bí àlàfo bá gbòòrò, tí eegun tó sọnù pọ̀, omi mùdùnmúdùn nìkan kò lè dí i. Bí eegun bá tẹ̀ tàbí tó ń mì, irin tàbí POP gbọ́dọ̀ dì í mú gírígírí. Aláìsàn tó bá ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́. Àwọn dókítà yín mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Mo ń kọ ọ́ kí àwọn ará ilé aláìsàn má baà wá fìjà pẹ́ẹ́ta pẹ̀lú wọn pé ẹ ní oògùn tí ẹ ò fẹ́ lò.

Kí ni iṣẹ́ yìí ń béèrè? Àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fa mùdùnmúdùn láti ìbàdí, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní láàbù. Dókítà eegun wà. Ohun tó kù ni àpò àti rọ́bà tí kòkòrò kò lè wọ̀, tí mùdùnmúdùn yóò máa gbà láti orí abẹ́rẹ́ dé ojú ẹ̀rọ láìfara kan afẹ́fẹ́, àti ẹni tí yóò máa ka sẹ́ẹ̀lì. Nípa ti kíkà yìí, àdúgbò wa kò ṣòfo. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Alábàtà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Láàbù yín lè ka àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an. Àwọn ará FUNAAB lè bá yín gbin díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ iye sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi ètò náà síwájú ìgbìmọ̀ yín tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ṣe ìwádìí. Kí aláìsàn kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú ohun tí kò dájú nínú rẹ̀, kó tó tẹ ìka. Kí ẹ kọ ọjọ́ ìtọ́jú sílẹ̀, iye sẹ́ẹ̀lì, fọ́tò oṣooṣù, àti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ gba ìwúwo ara láìsí ọ̀pá. Bí ó bá kùnà, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò ṣeé fò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Bàbá mi àgbà náà gbàgbọ́ nínú wọn. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn adìẹ tí wọ́n máa ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á tọ́jú pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn. Eegun tó dá wẹ́rẹ́ máa ń so lọ́wọ́ wọn, òótọ́ ni. Àmọ́ a tún ń rí ẹni tí wọ́n fi igi àti aṣọ dì pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ìka ẹsẹ̀ mọ́, tó fi kú pátápátá, tí wọ́n sì ní láti gé e. Bíbú wọn kò tíì dá ẹnì kan dúró láti má lọ síbẹ̀. Ìlú yìí sì ti rí ọ̀nà tó dáa ju èébú lọ. Ní 1954, ní Arò níbí, Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò abúlé sílẹ̀, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú dókítà. Ó tún ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ pe àwọn tó ń to eegun ní Láfẹ́nwá, ní Ọbáńtokò, ní gbogbo ìgbèríko Ọ̀dẹ̀dá, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ tó bá tutù, tó dúdú, tàbí tí egbò ṣí lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ojúgun tí kò so lẹ́yìn oṣù 6 ní ibi tí a ti lè ṣe nǹkan sí i. Wọ́n á gbọ́, bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ tiwọn wọ̀ wọ́n.

Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin ni pé àwọn mìíràn ti gba orúkọ stem cell lọ́wọ́ yín. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: lúbúlúbú inú páálí, stem cell láti ara èso, láti ibi-ọmọ àgùntàn, tó ń wo eegun, tó ń wo ojú, tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Owó tí wọ́n ń gbà fún un yóò mú ènìyàn sunkún. Lúbúlúbú tí ènìyàn pò mu, tó gba inú ikùn lọ, kò lè di eegun lójúgun. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn tí wọ́n ti ná gbogbo ohun tí wọ́n ní ló ń rà á, torí pé kò sí ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ tó sọ ohunkóhun mìíràn fún wọn. Inú ń bí mi sí èyí gidigidi. Bí Ìdí-Àbá bá ń ṣe iṣẹ́ náà ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ àti àkọsílẹ̀, àwọn oníjìbìtì kò ní ríbi fara pamọ́ sí mọ́.

Ní ti owó, òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ láti ìsinsìnyí kí ìtọ́jú eegun tó kọ̀ wà lára ohun tí wọn yóò máa san owó rẹ̀. Ọlọ́kadà tí kò lè jẹun kò lè ra àpò mùdùnmúdùn.

Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní fi mọ sórí ẹsẹ̀ tó dá nìkan. Àwọn ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, orí itan ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kú nínú kòtò ìbàdí nígbà tí wọ́n bá bàlágà, torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Mo ti kọ́ irú wọn, ọmọ tó mọ̀wé tó ń tiro gun àtẹ̀gùn. Hernigou kan náà ti fi mùdùnmúdùn wo irú ìbàdí bẹ́ẹ̀ kí orí itan tó wó, àwọn SS sì wà lára àwọn tó tọ́jú. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí olórí àwọn dókítà eegun àti olórí àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ yín jókòó pa pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi yóò bá ẹgbẹ́ ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ ní àwọn gáréèjì wọn, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn méjì nínú àwọn tó ń to eegun sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní bí ẹ bá pe òun, òun á wá. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò kọ ìwé àlàyé fún aláìsàn ní Yorùbá tó yé ìyá arúgbó, ẹ gbé e fún mi, ọ̀fẹ́ ni. Akọ̀wé tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín lè fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, àdírẹ́sì mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, mo ń bọ̀, àbúrò mi náà sì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò X-ray rẹ̀ lọ́wọ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan ní Abẹ́òkúta